Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Ìyá Ẹnikẹ́ni

                                        Ilé Jọọlá,
                                        Etí Odò, Òbè-Ìmọ́lẹ̀,
                                        Ẹ̀bá Etíkàn,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kejì, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ṣìkẹ́mi ọmọ agbẹ́kọ̀,

Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé yín láìdi ògiri mú? Bàbá ilé ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn? Olúwadárasími ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti sọ̀ láyọ̀, àbí a ṣì ń retí? Sọ fún un pé mo ti fi ẹja gbígbẹ ńlá kan pamọ́ sókè àjà fún ọbẹ̀ ìkómọ, pé ológbò ilé mi nìkan ni ọ̀tá tí ẹja náà ní.

Ní tèmi, ara le. Màmá Hánà, àbúrò bàbá mi tí mò ń tọ́jú, náà ń bẹ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n wà yìí, wọ́n ṣì ń fi eyín mẹ́fà tó kù sí wọn lẹ́nu fọ́ orí ẹja. Wọ́n ní kí n kí ọ, pé ìwọ ọmọ Èlíjà agbẹ́kọ̀ ti gbàgbé omi. Edé ò fi bẹ́ẹ̀ jáde lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ebi ò pa wá.

Ibẹ̀ ni àlàáfíà parí sí. Inú ń bí mi, Ṣìkẹ́mi. Láti ọjọ́ Àìkú ni inú ti ń bí mi, òní sì ni Ọjọ́bọ̀. Lánàá, mo ro púpurù tán, mo bù ú sáwo tán, kí n tó rántí pé mi ò tíì gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná. Mo wá jókòó ti púpurù gbígbóná, mo ń bá a rojọ́.

O lè ní kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ lórí fóònù, nínú Ẹgbẹ́ Orísun tí àwa méjèèjì wà. Àwọn tí mo fẹ́ bú ló wà nínú ẹgbẹ́ náà! Kí n tó kọ ìlà kejì, ẹnìkan á ti fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ pé kí Màmá ní sùúrù. Mi ò fẹ́ òdòdó. Ọ̀rọ̀ náà sì gùn ju ohun tí àtàǹpàkò lè tẹ̀ lọ. Ni mo bá ní kí n wá bírò àti bébà, kí n jókòó bínú dáadáa.

O rántí bí a ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí àwa bí ogójì ènìyàn ti ń kó ìtàn ìdílé wa jọ, tí oníkálukú ń tọpa ibi tí bàbá ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, tí a ń ya fọ́tò ibojì ránṣẹ́ síra wa bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ya fọ́tò oúnjẹ. Àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé òkú ni mò ń bá ṣọ̀rẹ́. Mo ní òkú kì í yáni lówó kó má dá a padà. Àwàdà ni nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àwàdà báyìí, torí òkun ti dé itẹ́ òkú wa.

Nígbà tí o wá ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, igi àgbọn mẹ́ta ṣì wà láàárín àwọn ibojì àti omi. Kò sí ìkankan níbẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹwàá, omi gbé ibojì mẹ́ta lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ò rí nǹkankan kó padà nínú wọn. Ni ìgbìmọ̀ ìlú, tí Alàgbà Godwin jẹ́ olórí rẹ̀, bá pinnu pé kí a hú àwọn òkú wa, kí a sì tún wọn sin sí ilẹ̀ tó ga díẹ̀ lódìkejì odò. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, ni wọ́n dá. Òkú kọ̀ọ̀kan tí ẹbí rẹ̀ bá yọjú yóò ní pósí kékeré tirẹ̀, wọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Àwọn tí kò bá ní ẹbí, kòtò kan ni wọn yóò kó gbogbo wọn sí, wọn ò ní kọ nǹkankan sórí rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ta ni kò ní fara mọ́ ọn nígbà tí omi ń bọ̀?

Ẹgbẹ́ wa ni wọ́n ní kó ṣe ìwé orúkọ àwọn òkú. Akọ̀wé wa, Báyọ̀, ló ṣe é. O mọ Báyọ̀, ará Àkúrẹ́ tó fẹ́ ọmọ wa, tí kì í wọkọ̀ ojú omi àfi tó bá kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù àìrì méjì léra. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó fẹ́ràn ìtàn ju oúnjẹ lọ. Ìwé náà jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi ti ìwé orin tuntun. Ẹ̀dà tìrẹ wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì fi ránṣẹ́, wàá sì mọ ìdí rẹ̀ tí o bá ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀.

Mo ṣí i dé ojú ewé kẹsàn-án, níbi èèkàn kẹtàdínlógún, èyí tí wọ́n fi sàmì síbi tí bàbá bàbá mi sùn sí. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé: "Ọpẹ́fólúwa. Obìnrin. Ó kú ní 1953. Ẹbí: Kọ́lájọ."

Obìnrin, Ṣìkẹ́mi! Jọọlá! Bàbá tí irùngbọ̀n wọn bo àyà, tí wọ́n fẹ́ ìyàwó méjì, tí wọ́n bí ọmọ mọ́kànlá, tí gbogbo etíkun yìí máa ń gbọ́ ikọ́ wọn kí wọ́n tó rí wọn. Ọdún 1971 ni wọ́n kú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, èmi ni mo ru omi tí wọ́n fi wẹ̀ wọ́n. Bí obìnrin ni wọ́n, ó yẹ kí n ti mọ̀.

Orúkọ ọkọ̀ wọn ló ń jẹ́ Ọpẹ́fólúwa. Ọkọ̀! Igi! Ohun tí bàbá rẹ fi àáké gbẹ́!

Mo mọ̀ pé o ti kúrò nílé láti kékeré, nítorí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ìbínú mi lè rí àga jókòó. Ní Òbè-Ìmọ́lẹ̀ tiwa yìí, ọkọ̀ kan kì í sin olówó méjì. Bí ọlọ́kọ̀ bá ti kú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ náà lójú omi mọ́, ọmọ rẹ̀ gan-an kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Wọn á gé imú ọkọ̀, ibi tí wọ́n fín orúkọ sí, wọn á rì í mọ́lẹ̀ níbi orí ẹni tó ni ín. Pákó yẹn ni òkúta ibojì tiwa. Orúkọ ọkọ̀ ló wà lára rẹ̀, àti ọdún tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ bọ́ sómi. Wọn kì í kọ orúkọ òkú sí i. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ fún? Ta ni kò mọ̀ ọ́n? A kì í wojú ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè nígbà náà, imú ọkọ̀ rẹ̀ la ń wò. Ìyá mi àgbà á dúró létí omi, wọn á fi ọwọ́ ṣíji bojú nítorí oòrùn. Bí wọ́n bá ti rí imú aláwọ̀ búlúù yẹn, wọn á pariwo: "Ọpẹ́fólúwa dé o!" Àwa ọmọ á sì máa jà sí ẹni tí yóò gbé agbọ̀n lọ pàdé wọn.

Ohun tí Báyọ̀ wá sọ di obìnrin rèé.

Kì í ṣe òun nìkan. Mo wo ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èèkàn kẹfà: "Má-Jẹ́-N-Rì. Ọkùnrin. Ó kú ní 1948." Ìyá wo ló gbé ọmọ jáde lọ́jọ́ kẹjọ, tó ní Má-Jẹ́-N-Rì ni òun sọ ọ́? Wọ́n kọ ọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún fi ìtàkùn olódòdó yí i ká. Báyọ̀ kò bi ẹnikẹ́ni. Láti ilé àna rẹ̀ sí ilé mi, orí afárá pákó kan ṣoṣo ló máa tọ̀. Kò bi mí. Bó bá bi Màmá Hánà, wọn á sọ orúkọ olówó ọkọ̀ fún un, wọn á tún fi ohun tí olówó ọkọ̀ jẹ gbèsè rẹ̀ lé e.

Jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ Àìkú fún ọ. Kọ́lájọ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síwájú bàbá mi àgbà yìí, Èkó ló ń gbé. Òun náà wà nínú ẹgbẹ́, ó dé lọ́dún tó kọjá. Ìyá ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Ọpẹ́fólúwa lóòótọ́, apá Etíkàn níbí ni wọ́n ti gbé e níyàwó lọ, ó sì padà wá kú sí ilé bàbá rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ abúlé tó jẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni Kọ́lájọ ti ń wá ibojì náà. Nígbà tí Báyọ̀ fi orúkọ yẹn hàn án kí wọ́n tó tẹ ìwé, ó ní òun kò lè dìde lórí àga. Kò dúró de oṣù Kẹta. Ó dé ní ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì méjì, òun, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, ayàwòrán, àti òkúta mábù tó tóbi tó ilẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n kọ sára òkúta náà ni: "Màmá Ọpẹ́fólúwa, ìyá rere, abiyamọ tòótọ́. Sùn re o."

Abiyamọ tòótọ́!

Ó kúnlẹ̀ síbi èèkàn kẹtàdínlógún, ó gbọ́wọ́ lé iyanrìn, ó ní, "Màmá, ọmọ yín ti dé o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́." Ó wá bú sẹ́kún. Ẹkún náà kì í ṣe ẹkún ojú ayé, Ṣìkẹ́mi. Mo gbọ́ ẹkún rí. Gbogbo èrò ń ṣe àmín, èmi gan-an ti la ẹnu láti ṣe é kí n tó rántí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Àfi bí Màmá Hánà ṣe fi ọ̀pá wọn lulẹ̀ láàárín èrò, tí wọ́n figbe ta:

"Ghán ti sọ bàbá gha di obìnrin!"

Ẹ̀rín sọ lọ́dọ̀ àwọn kan. Alàgbà Godwin kọjú sí mi, wọ́n ní kí n jọ̀wọ́ mú arúgbó lọ sílé kí oòrùn má pa wọ́n. Oòrùn! Ọmọ tí Jọọlá bí ní ti ara wọn ni wọ́n ní kí oòrùn má pa níwájú ibojì Jọọlá. Mo mú Màmá Hánà gba orí afárá lọ sílé. Nígbà tí a délé ni wọ́n bi mí pé, "Rhoda, ṣé bí wọ́n ṣe máa gbé bàbá mi lọ nìyẹn, lórúkọ ìyá ẹlòmíràn?" Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé mi ò lè kórìíra Kọ́lájọ. Ì bá rọrùn bó bá jẹ́ olè. Báwo ni èèyàn ṣe ń gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún?

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbéra, mo lọ bá Báyọ̀ nílé àna rẹ̀. Alàgbà Godwin wà níbẹ̀, wọ́n jọ ń ka iye pákó tí wọn yóò fi kan pósí. Ṣìkẹ́mi, mo sọ̀rọ̀. Ohun tí mi ò sọ lọ́jọ́ náà, kò sí nínú èdè. Mo ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè, kí ni yóò bá? Mo ní irú akọ̀wé wo ló ń fún ọkọ̀ ní ọmú? Mo ní ẹ̀wù àìrì méjì tó ń wọ̀, kó wọ ìkẹta, torí lọ́jọ́ tí mo bá bá a nínú ọkọ̀, yóò nílò rẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ sáré gbé omi wá fún mi. Mi ò mu ún.

Báyọ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wọlé, ó sì gbé ìwé kan jáde, ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé, aláwọ̀ ewé, tí ikán ti jẹ igun rẹ̀ kan. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ìwé ni mo ti rí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo dà kọ."

Mo gba ìwé náà. Mi ò tíì ṣí i tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ìwé mi ni, Ṣìkẹ́mi. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́.

Ọdún 1984 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo rò pé mo gbọ́n. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí itẹ́ òkú, mo ní kí a kọ ohun tó wà lára gbogbo pákó kí òjò tó pa á rẹ́. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni a kọ. Mo fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, mo ya ibi tó wà. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, omi ya wọlé, ó sì gbé gbogbo pákó yẹn lọ, kò ku ẹyọ kan. Ìwé mi ni wọ́n tẹ̀ lé tí wọ́n fi rí ibi tí wọ́n ri èèkàn sí báyìí. Kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn. Mo ṣí i dé èèkàn kẹtàdínlógún. Mo rí i pé ọwọ́ mi tó mọ́ tónítóní nígbà náà ló kọ ọ́ pé: "Ọpẹ́fólúwa, 1953." Ó parí síbẹ̀. Mi ò kọ ọ́ pé ọkọ̀ ni. Mi ò kọ Jọọlá. Kí n sọ òótọ́, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Lókè pátápátá, mo fi gègé pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Orúkọ Àwọn Tó Sùn Síbí."

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Mo wo ìka mi.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé inú ṣì ń bí mi o! Kì í ṣe èmi ni mo kọ "obìnrin", Báyọ̀ ló fi í kún un láti inú orí ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èmi ni mo kọ "ó kú". Ṣùgbọ́n omi tí mo kọ̀ ní ìṣáájú, mo bẹ̀rẹ̀ mo gbé e mu.

Mo ní ó dára, kí wọ́n tún un kọ. Kí wọ́n kọ Jọọlá síbẹ̀. Alàgbà Godwin ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní òkúta ti dé, Kọ́lájọ ti sunkún níwájú ìlú, ayàwòrán ti ya á, wọn kò lè sọ fún un pé ọkọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ nítorí pé arúgbó kan pariwo. Mo ní èmi náà jẹ́rìí sí i. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Rhoda, ìwọ lo kọ ìwé tó ṣì wá lọ́nà. Èwo nínú ẹ̀rí rẹ la fẹ́ gbà?" Mo fẹ́ gbá wọn létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Wọ́n ní bí ìwé mìíràn bá wà, tó dàgbà ju tèmi lọ, tó sọ olówó ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n gbé e wá kí ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta tó pé. Bí kò bá sí, ohun tí wọ́n tẹ̀ ni wọn yóò kọ sára pósí.

Èmi àti Màmá Hánà wá jókòó láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ń yọ ọkọ̀ kúrò nínú ènìyàn. Orúkọ ọkọ̀ mẹ́tàlélógún ló wà nínú mọ́kànlélọ́gọ́ta; àwọn yòókù kò ní ọkọ̀, orúkọ ara wọn ló wà lára pákó tiwọn. A rántí olówó mẹ́rìnlá. A ti ronú títí, mẹ́sàn-án kò wá. Màmá Hánà á ní, "Adùn-Lókun, ọkùnrin kan tó máa ń súfèé ni," orúkọ rẹ̀ á sì kọ̀ láti jáde. Ọkùnrin mẹ́sàn-án tí òkun kò rí pa, tí wọ́n wá kú sórí ẹní wọn láàárín ọmọ wọn, inú kòtò aláìlórúkọ ni wọ́n ń lọ yìí, nítorí pé mi ò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ìwé tí Alàgbà Godwin ń béèrè wà, Ṣìkẹ́mi. Ọwọ́ rẹ ló wà. O fi hàn mí nígbà tí o wá, ìwé ẹlẹ́yìn dúdú tí bàbá rẹ fi sílẹ̀, tí wọ́n ya imú gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sí, tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀, orúkọ ẹni tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún, àti ọdún. O ní òórùn igi ni ìwé náà máa ń run, pé ìwọ kì í ṣí i lọ títí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín sí bí wọ́n ṣe máa ń kọ "ọkọ̀" láìfi àmì sí i. Wá a jáde. Má fi rán ẹnikẹ́ni, má fi lé dírẹ́bà lọ́wọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e wá.

Bóyá o ti ń sọ pé nítorí Jọọlá nìkan kọ́ ni mo ṣe ní kí o fi orúnkún dídùn kúrò ní Ìbàdàn, kí o tún wọkọ̀ ojú omi ní Igbókòdá. Òtítọ́ ni. Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí o rí nínú ìwé tó ń dán yẹn kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Èèkàn kẹrìnlélógójì. Báyìí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́: "Ṣìkẹ́mi. Obìnrin. Ó kú ní 1959. Kò ní ẹbí."

Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni sọ fún ọ rí. Bàbá rẹ gbẹ́ ọkọ̀ fún gbogbo ìlú, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ fún ara wọn. Ọdún tí wọ́n bí ọ ni, orúkọ rẹ sì ni wọ́n fín sí imú rẹ̀. Nígbà tí o bi mí ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn pé níbo gan-an ni bàbá rẹ sùn sí, mo kàn fọwọ́ júwe apá ìlà-oòrùn fún ọ, mo ní ibẹ̀ yẹn ni. Ó mọ́ mi lára pé kò sí ẹni tí kò mọ̀. O dúró, o ń wo iyanrìn, o ò mọ èwo ni kí o kí. Dárí jì mí. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Èlíjà agbẹ́kọ̀ náà ní ọmọ, Ìbàdàn ló jìn. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè dúró síbi èèkàn yẹn kó sọ fún Alàgbà Godwin pé, "Èmi ni Ṣìkẹ́mi tí ẹ kọ pé ó kú. Bàbá mi ló wà níbí."

Bá mi kí bàbá ilé, kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Kí Olúwadárasími, kí gbogbo ará ilé àti ìyá alágbo ẹ̀gbẹ́ yín tó fi epo ra ọ́ lórúnkún. Beauty tó ń kó edé wá sí Ìbàdàn ni mo fi lẹ́tà yìí rán, òun náà ni yóò mú ọ padà bọ̀. Ó mọ awakọ̀ tí kì í sáré. Màmá Hánà ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ni wàá sùn.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni o wà nígbà tí wọ́n mú ọ lọ sí Ìbàdàn. O ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́yìn rẹ. Ní gbogbo ọjọ́ tí bàbá rẹ bá ti òkun bọ̀, àwọn tó wà létí omi á pariwo bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọkọ̀ gbogbo: "Ṣìkẹ́mi dé o!" Èmi á sì ju ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, màá sáré dé etí omi, màá rí i pé ọkọ̀ ni. Ó pẹ́ kí n tó yé sáré. Lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀, kí ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta tó pé, èmi ni mo máa dúró létí omi níbí, èmi ni mo sì máa pariwo rẹ̀. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó jẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èmi ni tìrẹ, tí inú ń bí, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ́,

Rhoda ọmọ Jọọlá.